Ṣé máàkì ìdánwò ló ń gba owó ìwádìí?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tó ti gba lisáǹsì tàbí másítà, tí wọ́n wá ń wá owó láti tẹ̀síwájú nínú ìwádìí. Ó jẹ mọ́ àwa òbí àti ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú, torí àpò wa ni owó ìdánwò ti ń jáde.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, àwọn kan nínú wọn máa ń wá bá wa. Àwa mẹ́rin la máa ń jókòó tì wọ́n. Méjì nínú wa jẹ́ olùkọ́, ẹnì kan ń dáko, ẹnì kẹrin ti kàwé dé Amẹ́ríkà, ó sì ti padà wálé. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kàn máa ń bá wọn ka fọ́ọ̀mù, a máa ń bá wọn tún lẹ́tà ṣe, a sì máa ń bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí owó bá dọ̀ràn. Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ yìí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dandan ni kí n ṣe GRE? Bí máàkì mi kò bá ga, ṣé wọ́n á fún mi lówó ìwádìí?"

Ìdáhùn wa gùn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a kọ ọ́ síbí, kí gbogbo wa lè jọ kà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ìdánwò yìí jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ òbí rò pé ìjọba Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, bí ìjọba wa ṣe ń ṣe bákì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ETS ló ni ín. Ní 1936 ni àjọ Carnegie àti yunifásítì mẹ́rin, Harvard, Yale, Princeton àti Columbia, kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Wọ́n ń wá òṣùwọ̀n kan tí wọ́n lè fi wọn ọmọ tó ti ilé-ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi wá. Nígbà tí wọ́n dá ETS sílẹ̀ ní 1947, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdánwò náà bọ́ sí. Apá mẹ́ta ló ní lónìí: òye èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, àti ìwé kíkọ. Máàkì apá méjì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 130, ó sì parí sí 170. Ti ìwé kíkọ kò ju 6 lọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ti gé e kúrú, kò tó wákàtí méjì mọ́. Ẹni tó bá ṣe é, ọdún márùn-ún ni máàkì rẹ̀ fi wúlò.

Ìṣirò inú rẹ̀ kò kọjá ohun tí ọmọ tó ń múra bákì ti kọ́. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ló le, àní fún ẹni tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kékeré, ká má tíì sọ ọmọ Kétu tó fi Faransé kàwé láti kíláàsì kìn-ín-ní dé yunifásítì. Kò sí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀ nípa ilẹ̀, nípa ẹ̀gẹ́, nípa kànga tàbí nípa ìtàn ìlú. Ìdánwò kan náà ni ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí lórí kòkòrò inú àgbàdo àti ẹni tó fẹ́ ṣe tirẹ̀ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jókòó ṣe.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Dọ́là 220 ni. Bí dọ́là bá tilẹ̀ rọ̀, ó ju 120,000 sẹ́fà lọ. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí láti 2023 jẹ́ 52,000 sẹ́fà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gba owó yẹn á ṣiṣẹ́ ju oṣù méjì lọ, láìjẹ láìmu, kó tó lè san owó ìdánwò kan. A kò tíì ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní ènìyàn lè ṣe é nínú ilé lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní yàrá tó dákẹ́, kámẹ́rà, íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, àti iná tí kì í lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kétu, ẹ mọ ìdáhùn yín sí ti iná. Ẹni tí kò bá lè ṣe é nílé á wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, Kútọnu sì ju 100 kìlómítà lọ sí wa.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ló mú kí àwa mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lọ́dún tó kọjá. Ọmọbìnrin kan wá bá wa. Ó ti ṣe másítà lórí làfún: bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́, iye ọjọ́ tí ó ń lò nínú omi, bí oró inú rẹ̀ ṣe ń dínkù títí yóò fi ṣeé jẹ. Ó fẹ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ kan náà. Bàbá rẹ̀ ti pinnu láti ta àgbàdo tó wà nínú àká lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ lè san owó GRE. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá ta àgbàdo lásìkò ìkórè, ọ̀pọ̀kú ló tà á. Ẹni tó bá lè dúró dé oṣù karùn-ún, nígbà tí oúnjẹ wọ́n, ló ń jèrè rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ inú wa ní kí bàbá tà á. Ó ní àwọn òyìnbó kò mọ yunifásítì wa, wọn kò mọ àwọn ọ̀gá wa, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n lè fi mọ̀ pé ọmọ yìí ní làákàyè. Ó ní ẹni tí kò bá fi máàkì sílẹ̀, wọ́n á rò pé ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ti dé Amẹ́ríkà nínú wa ní rárá, ó ní kò sí ìdí láti sanwó fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Àgbẹ̀ inú wa wá bi wọ́n léèrè pé: "Ta ni ń fúnni lówó ọ̀hún gan-an? Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ohun tí 'wọ́n' fẹ́. Ta ni 'wọ́n'?"

Ìbéèrè rẹ̀ ló là wá lójú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀ dáadáa, ká wo ẹni tó di owó mú.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mẹ́rin ni owó sábà máa ń gbà dé ọwọ́ ọmọ tó ń ṣe ìwádìí. Ọ̀nà kìn-ín-ní, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti gba owó lọ́wọ́ ìjọba tàbí àjọ kan láti ṣe iṣẹ́ pàtó. Inú owó yẹn ló ti ń san owó oṣù ọmọ tó bá gbà sábẹ́ ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ń wá ni ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà kó sì parí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́, ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ ẹ̀gẹ́, tó wọ̀n ọ́n, tó kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, sàn fún un ju ọmọ tó gba 168 nínú ìdánwò lọ.

Ọ̀nà kejì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ní owó, ọmọ á sì máa bá wọn kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka yẹn ló ń jókòó yàn. Wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ lè sọ Gẹ̀ẹ́sì tó já geere níwájú kíláàsì.

Ọ̀nà kẹta, yunifásítì ní owó ọlá tó ń pín fún àwọn tó bá tayọ láàrin gbogbo ẹ̀ka. Níbi tí máàkì ti máa ń lágbára jù nìyí. Ẹ wò ó: ìgbìmọ̀ kan jókòó, iwájú wọn ni ọmọ tó ń kọ́ nípa òkúta, ọmọ tó ń kọ́ nípa orin, àti ọmọ tó ń kọ́ nípa ẹ̀gẹ́. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà á wá dà bí ohun tó rọrùn láti gbé síra wọn.

Ọ̀nà kẹrin, àjọ kan láti ìta ló ń fúnni. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ti sáyẹ́ǹsì ni èyí tí àjọ NSF ti ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tiwọn àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti 1952 ló ti wà. Owó oṣù tó ń fún ọmọ kan lọ́dún jẹ́ dọ́là 37,000, fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ Kétu kò lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: àjọ yìí, tó lówó tó sì lórúkọ tó bẹ́ẹ̀, kì í gba máàkì GRE mọ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ohun tó ń kà ni àbá ìwádìí tí ọmọ kọ, ìtàn ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀, àti lẹ́tà àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a rí fà yọ nínú gbogbo èyí ni pé bí ẹni tó ń pín owó bá ṣe jìnnà sí iṣẹ́ náà tó, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń wù ú tó. Ẹni tó bá sún mọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ ló ń wò. Kò sì yàtọ̀ sí tiwa nílé. Ìjọba tó ń pín owó ìrànwọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bákì, máàkì bákì wà lára ohun tó ń fi ṣe ìpín, torí kò lè mọ ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀gá télọ̀ ní ọjà Kétu tó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́, ṣé máàkì bákì ló máa béèrè? Á ní kí ọmọ jókòó sídìí ẹ̀rọ kó rán nǹkan kí òun rí.

Ṣé máàkì náà wá ń sọ òótọ́ nípa ẹni tí yóò ṣe ìwádìí dáadáa? Àwọn onímọ̀ kan ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2017, ìwádìí méjì jáde nínú ìwé PLOS ONE. Ọ̀kan wá láti Yunifásítì North Carolina, wọ́n wo àwọn ọmọ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ara àti àrùn, wọ́n sì rí i pé máàkì GRE kò fi hàn ẹni tí yóò tẹ iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ jáde. Lẹ́tà àwọn tó mọ ọmọ náà ló fi hàn jù. Èkejì wá láti Vanderbilt, lórí ọmọ 683. Wọ́n béèrè bóyá máàkì lè sọ ẹni tí yóò parí, ẹni tí yóò yára parí, ẹni tí yóò tẹ iṣẹ́ jáde, àti ẹni tí yóò fúnra rẹ̀ gba owó ìwádìí. Kò lè sọ ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tó lè sọ díẹ̀ ni bí máàkì ọmọ yóò ṣe rí nínú kíláàsì, pàápàá ní sáà àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe òtítọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n wò yìí ti wọlé tán. Àwọn tí máàkì wọn kéré gan-an ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, a kò lè mọ ohun tí wọn ì bá ti ṣe. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè fi ìwádìí méjì yìí búra pé máàkì kò wúlò rárá. Ohun tó fi hàn ni pé láàrin àwọn tó wọlé, máàkì tó ga kò sọ ọmọ di olùwádìí. ETS fúnra rẹ̀ tó ń ta ìdánwò ti kìlọ̀ fún àwọn yunifásítì pé kí wọ́n má ṣe fi máàkì nìkan ya ọmọ sọ́tọ̀, kí wọ́n kà á pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀rí mìíràn.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ inú wa tó ní kí bàbá ta àgbàdo kò ṣófo pátápátá. Ohun kan wà tó ń bà wá nínú jẹ́ nípa ìwé ẹ̀rí tiwa. Lọ́dọ̀ wa, lórí 20 la ti ń fúnni ní máàkì. Ọmọ tó bá gba 14, a pè é ní "bien", ilé á kún fún ayọ̀. Ẹni tó bá gba 16, ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ní Amẹ́ríkà á ṣírò 14 lórí 20, á ní ìdá 70 nínú 100 ni, á sì rò pé ọmọ tí kò mọ̀wé tó ni. Nírú ibẹ̀ yẹn, máàkì ìṣirò tó ga nínú GRE lè gbà á sílẹ̀. A mọ̀ pé ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti ìṣirò, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ṣì ń béèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn wà fún àìsàn yẹn, kò sì tó dọ́là 220. Ọmọ lè ní kí yunifásítì rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé bí a ṣe ń fúnni ní máàkì àti ipò tí ó wà láàrin àwọn tí wọ́n jọ kàwé. "Ó ṣe ipò kejì nínú ọmọ 45": gbólóhùn yẹn, òyìnbó èyíkéyìí yóò gbọ́ ọ yé. Ọ̀gá tó ń kọ lẹ́tà fún ọmọ lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé 14 lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ohun kékeré.

Àwa ọmọ Kétu sì mọ̀ nípa ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí odi yí ìlú ká, Àkábà Ìdẹ́nà ni a ń gbà wọlé. Ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí, a ń bọ̀wọ̀ fún un, ètùtù rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń ti Pọ́bẹ̀ bọ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni GRE ṣe dà ní ọ̀pọ̀ ibi. Kí àrùn Kòrónà tó dé ni àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ohun alààyè ti ń pa á tì. Nígbà tí gbogbo ilé ìdánwò ti ilẹ̀kùn ní 2020, àwọn mìíràn tún jù ú sílẹ̀. Àwọn kan ti gbà á padà láti ìgbà yẹn. Nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n tó lọ ní 2012 sọ fún un, kí ọmọ má fi ṣe òfin. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ọdún yìí ni kó béèrè.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni owó ìwádìí wà. WASCAL, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, ní ẹ̀ka fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Abomey-Calavi níbí. Owó ìwádìí RSIF wà, èyí tí àjọ icipe ní Nairobi ń bójú tó, fún àwọn tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Áfíríkà. DAAD ti Jámánì ní ètò fún ẹ̀kọ́ láàrin Áfíríkà. Eiffel ti ìjọba Faransé wà láti 1999, ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Faransé ló sì ń gbé orúkọ ọmọ síwájú. Àwọn wọ̀nyí kì í fi GRE ṣe àmúyẹ. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìwé ẹ̀rí, àbá ìwádìí tàbí ohun tí ọmọ fẹ́ ṣe, àti lẹ́tà àwọn ọ̀gá rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí a kò lè bá ọmọ yẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, TOEFL tàbí IELTS, bí ó bá ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ibí yìí ni ààlà ti ń dùn wá. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó pín ilẹ̀ wa, wọ́n sì fi Ìmẹ̀kọ sí ọ̀hún, wọ́n fi Kétu síhìn-ín. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, Aláàkétu kan náà là ń kí. Lónìí, ọmọ tó kàwé ní Ìmẹ̀kọ lè rí yunifásítì tí yóò sọ fún un pé kó má ṣèyọnu ṣe TOEFL, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọmọ Kétu á ṣe é dandan, àyàfi bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní ọ̀nà mìíràn. Máàkì TOEFL kì í lò ju ọdún méjì lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún wọn pé bí owó ìdánwò kan ṣoṣo ló wà, ti èdè ni kí wọ́n kọ́kọ́ san, kí wọ́n má sì ṣe é títí wọ́n á fi mọ ọdún tí wọ́n fẹ́ lò ó. Kí wọ́n máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ ní tiwọn, nítorí máàkì lè kú, èdè tí ọmọ bá gbọ́ kì í kú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọmọbìnrin oní-làfún wa. Lẹ́yìn ìbéèrè àgbẹ̀ yẹn, a ní kó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà tí ó fẹ́ sílẹ̀. A jọ ka ojú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí kò bá yé wa, ó kọ lẹ́tà béèrè. Mẹ́rin kò béèrè GRE. Ọ̀kan ní bó bá wù ú kó fi sílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní dandan ni. Ó yọ ẹni kan yẹn kúrò. Bàbá kò ta àgbàdo nígbà yẹn mọ́, ó dúró. Nígbà tó yá tí ó tà á, ó yọ díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ fún ọmọ, ọmọ sì fi san owó àyẹ̀wò làfún láti ọ̀dọ̀ ìyá mẹ́jọ tí wọ́n ń ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀ síra wọn. Ó kó àbájáde rẹ̀ sí ojú ìwé méjì, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta. Méjì kò dáhùn. Ẹnì kẹta dáhùn, ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: báwo ló ṣe wọ̀n ọ́n, kí ló dé tí ti ìyá kan yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù, ṣé ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà òjò? Kò béèrè máàkì kankan. Ọmọ náà ṣì ń retí bí yóò ṣe jálẹ̀, a kò ní sọ pé owó ti dọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní owó ti ń bá a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, ọmọ náà sì ní ìdáhùn.

Nítorí náà, ohun tí a ń sọ fún àwọn ọmọ wa nìyí. Èkíní, kí wọ́n kọ orúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, kí wọ́n sì wádìí lọ́dọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń fúnni lówó, nítorí ẹ̀ka lè má béèrè GRE kí owó ọlá yunifásítì náà béèrè rẹ̀. Èkejì, bí wọ́n bá ní "bó bá wù ọ́," kí ọmọ ro ó dáadáa. Bí ìṣirò rẹ̀ bá lágbára tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì fi í hàn, ó lè wúlò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ dandan, kí ó ṣe é, kí ó sì múra sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá sanwó á lè fi máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin láìsan àfikún, kí ó ti mọ mẹ́rin tó fẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ̀kẹrin, kí ó ní ojú ìwé méjì tí ó lè fi han ẹnikẹ́ni: ìbéèrè tó ń bi, ohun tó ti rí, ohun tó kù.

Ohun tí a lè ṣèwádìí lórí rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Omi ilẹ̀ wa jìn, àwọn ìyá wa mọ bí okùn kànga ṣe gùn tó. Ilẹ̀ pupa yìí ń rẹ̀. Àgbàdo ń gba ààlà kọjá lójoojúmọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2001, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ti darúgbó. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba sì wà ní Kétu níbí. Ọmọ tó bá fi ọdún kan wọn omi kànga mẹ́wàá ní Ìdẹ́nà àti ní abúlé tó yí i ká ní ohun tí ẹnikẹ́ni ní Harvard kò ní.

Ẹ̀bẹ̀ wa tó kẹ́yìn jẹ́ sí ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń kọ́ wọn. Bí ìwádìí bá ti fi hàn pé lẹ́tà yín lágbára ju máàkì lọ, a jẹ́ pé ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ nǹkan wà. Lẹ́tà oníbàákan-náà tí ẹ ń yí orúkọ inú rẹ̀ padà kò ran ọmọ lọ́wọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí i tó ṣe, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́ tí ó wá ọ̀nà mìíràn, àṣìṣe tó rí nínú ìwé tí ẹlòmíràn kò rí. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó wá tọrọ rẹ̀ nígbà mẹ́fà. Fún ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wá bá yín pé ẹ ta nǹkan kí òun lè ṣe ìdánwò, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì tíì tà á. Ẹ ní kó mú ìwé wá, kó fi ibi tí wọ́n ti béèrè rẹ̀ hàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí ní Nàìjíríà, ẹ bá wa dá sí i, kí àwọn àbúrò lè gbọ́ tẹnu yín. Ire o.